Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Wọn Kí Ẹ Tó Wọn Gíga Wọn

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti wọ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tí òjò oṣù Keje ń rọ̀ tí kò fẹ́ dá, ni àwọn olùfẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n máa ń pàgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ káàkiri Èkó Àkéte, Èkó àròmisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ. Wọn a pe àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama jọ láti Agége, láti Ìkòròdú, láti Bàdágìrì àti láti Ajégúnlẹ̀ níhìn-ín, wọn a fi ìwọ̀nba ọjọ́ yẹ̀ wọ́n wò, lẹ́yìn èyí ni wọn a ka orúkọ àwọn tí wọ́n gbà pé ó lè dé yunifásítì ní Amẹ́ríkà tàbí kí ó wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa, tí àwọn tí a kò dárúkọ yóò sì di bàtà wọn sínú àpò ọ̀rá, wọn a wọ ọkọ̀, ó di ilé.

N kò bá ẹnikẹ́ni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí jà. Masai Ujiri tí ó dàgbà ní Zaria ti ń ṣe é láti ọdún 2003 lábẹ́ orúkọ Giants of Africa. Olúmídé Oyèdèjì, ọmọ Ìbàdàn tí ẹgbẹ́ Seattle ní Amẹ́ríkà yàn ní ọdún 2000, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé sú òun. Ẹni tí ó bá sì ti rí ojú ọmọ tí ó kọ́kọ́ di bọ́ọ̀lù gidi mú ní irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í pè é ní àṣedànù. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò ni mo ní ẹjọ́ bá rò. À ń wọn ọmọ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, a kò sì wo ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ náà lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹsẹ̀ ni mo gbà pé a fi ń mọ ọmọ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù yìí dé ibi gíga, àti bí ó ṣe ń yára gba ẹ̀kọ́ tó; gíga kàn ń ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ni.

Ẹ wo bí àyẹ̀wò náà ti ń lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, wọn a ní kí ọmọ bọ́ bàtà kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, wọn a kọ gíga rẹ̀ sílẹ̀. Wọn a ní kí ó na apá méjèèjì, kí wọ́n fi tépù wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó ìka ọ̀tún dé ṣóńṣó ìka òsì. Wọn a ní kí ó fò, kí wọ́n rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọn a pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún márùn-ún kí wọ́n bá ara wọn gbá a, àwọn tí ń wò wọ́n a sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú bébà àti gègé. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé ojú ń wo òun kì í fẹ́ fi bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì; nítorí náà èyí tí ó ga tí ó sì lágídí ni ojú ń rí, èyí tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró sí, tí ń sáré padà láti dáàbò bo ẹni tí ó ti ṣubú, kò ní àmì kankan lórí bébà. Ọmọ tí ó jí ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 2 má baà ká a mọ́ ọ̀nà, tí kò sì tíì fi nǹkan kan ẹnu, ni wọ́n ń fi wé èyí tí bàbá rẹ̀ fi mọ́tò gbé dé ẹnu ọ̀nà pápá. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: àwọn àgbà ti rí ọ̀rọ̀ yìí tán kí a tó gbọ́ orúkọ àgọ́ bọ́ọ̀lù rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ Hakeem Ọlájùwọ́n wá, nítorí pé ìwọ̀nba ni ọmọ Yorùbá tí ó tíì dé ipò tí ó dé nínú eré yìí, kò sì sí ẹni tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tún fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn àgọ́ wa ń wá. Ìlú Èkó ni a ti bí i ní ọjọ́ 21 oṣù Kínní ọdún 1963, sìmẹ́ǹtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Àwọn tí ó dàgbà ní ìhà Apápá yóò rántí ohun tí sìmẹ́ǹtì fi ojú Èkó rí ní ọdún 1975, nígbà tí ìjọba ológun ra èyí tí agbára èbúté kò gbé, tí ọkọ̀ ojú omi tí ó lé ní 400 sì tò sí orí òkun tí wọn kò rí ibi já ẹrù sí. Inú wàhálà yẹn ni a ti gbọ́n tí a fi kọ́ èbúté Tin Can ní ọdún 1977, tí Kirikiri Lighter Terminal náà sì dìde fún àwọn bájì, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ń já ẹrù lára ọkọ̀ ńlá wá sí èbúté. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọ onísìmẹ́ǹtì yìí ní ọdún 1975, kò sì tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń gbá, ó sì ń ṣe aṣọ́lé. Ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́ tí à ń pè ní handball. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó sọ ọ́ di ẹni àpéwò, nígbà tí ó wà ní Muslim Teachers College.

Ìtàn kan wà nípa rẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń yẹ ọmọ wò máa rántí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan fẹ́ kọ́ ọ bí a ti ń fò sókè kí a fi ọwọ́ ti bọ́ọ̀lù bọ inú apẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó gun orí àga kan, ó ṣe é kí ọmọ náà lè rí i dáadáa. Nígbà tí ó kan Ọlájùwọ́n, òun náà lọ gun àga. Wọ́n ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fò. Ó fò, kò sì lè ṣe é. Ẹ wá fi ojú inú wo ẹni tí ó mú gègé dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní ọjọ́ náà. Kí ni yóò kọ? Yóò kọ pé ó ga, yóò sì kọ pé kò mọ nǹkan kan. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kì í ṣe ẹni ọjọ́ mẹ́ta ni ó ń wò ó, bí kò ṣe àwọn tí ó ní sùúrù láti rí i pé ẹsẹ̀ aṣọ́lé ni ẹsẹ̀ yẹn, tí ó lè yí sí ọ̀tún kí ojú ọ̀tá tó padà láti òsì. Ní ọdún 1980 ó ti wà ní Yunifásítì Houston. Ní ọdún kìíní rẹ̀ níbẹ̀, wọn kò fi í sínú ìdíje, wọ́n ń kọ́ ọ ni. Ní ọdún 1984, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a yàn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ní Amẹ́ríkà ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, kí wọ́n tó yan Michael Jordan ṣe ẹnìkẹta. Ó gba ife ẹ̀yẹ fún Houston Rockets ní ọdún 1994 àti 1995, bọ́ọ̀lù 3,830 tí ó gbá dànù lọ́wọ́ àwọn tí ń jù ú sáwọ̀n kò sì tíì ní ẹni tí ó bá a dọ́gba nínú ìwé ìdíje NBA. Ìyípo ẹsẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ní Dream Shake, orí pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Èkó ni ó ti gbé e lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí láti Ajégúnlẹ̀, níbi tí a ti bí Odion Ighalo tí ó gbá góòlù márùn-ún ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2019, níbi tí Samson Siasia ti jáde kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Argentina ní ìdíje àgbáyé ọdún 1994, níbi tí pápá tí wọ́n ń pè ní Maracana ti jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní olùkọ́ mìíràn. Mo dúró wo ọmọkùnrin kan ní ọ̀sán Sátidé ní ọ̀nà tí ó lọ sí Kirikiri Lighter Terminal, níbi tí tírélà méjì gbé dúró tí wọ́n fi àyè tóóró sílẹ̀ láàárín ara wọn, tí àwọn ọmọ sì sọ àyè náà di pápá. Ọmọ náà ga ju gbogbo wọn lọ, kò wọ bàtà, epo dísù tí ó já sílẹ̀ sì ti jẹ́ kí ilẹ̀ máa yọ̀. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó fi ìbàdí tan ẹni tí ó dojú kọ ọ́ lọ sí ìhà táyà, ó fi ẹsẹ̀ òsì gúnlẹ̀, ó fi ọ̀tún yí ara rẹ̀ po, ó sì ti kọjá kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé òun nìkan ló kù síbẹ̀. Èjìká rẹ̀ kò kan irin tírélà rárá. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ilẹ̀ òkèèrè ń fi odidi ọdún kọ́ ọmọ tí ó ga bẹ́ẹ̀ ní ìyípo yìí gan-an, òmíràn kò sì ní í mọ̀ ọ́n títí tí yóò fi kúrò nínú eré. Mo bi í bóyá ó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ó ní, “Bàbá, kò sí èyí tí à ń gbá ní ọ̀dọ̀ tiwa.”

Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. D'Tigress, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n obìnrin orílẹ̀-èdè wa, ti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀méje, èyí tí ó kẹ́yìn ní Abidjan ní ọdún 2025, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé orúkọ Áfíríkà dé ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ nínú bọ́ọ̀lù yìí ní Òlíńpíìkì, ní Paris ní ọdún 2024. Evelyn Akhator, ọmọ tí a bí ní Èkó, gba àgọ́ Hope 4 Girls kọjá, èyí tí Mobọ́lájí Akiode tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Athens dá sílẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré, ó gba kọ́lẹ́ẹ̀jì Chipola dé Yunifásítì Kentucky, nígbà tí ó sì di ọdún 2017, ẹgbẹ́ Dallas Wings fi í ṣe ẹnìkẹta tí a yàn nínú gbogbo àwọn obìnrin tí ó jáde ní ọdún náà. Bí wọ́n bá ti fi ohun tí ó mọ̀ ní ọjọ́ kìíní dá a lẹ́jọ́, ì bá má dé ibì kankan.

Ẹjọ́ tí a tètè dá a máa pa ẹni tí a dá láre náà lára. Charles Bassey, ọmọ Èkó tí wọ́n rí ní ọmọ ọdún méjìlá níbi tí ó ti ń ta adìyẹ díndín létí títì, wà nínú àwọn tí Amẹ́ríkà kà sí ọ̀gá láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìjà ẹni tí yóò jẹ́ alágbàtọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ ní Texas, ó ṣèṣe ní orúnkún ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, nígbà tí wọ́n sì yàn án ní ọdún 2021, ẹni kẹtàléláàádọ́ta ni ó jẹ́ nínú ọgọ́ta. Akin ọmọ ni, ó sì ń jẹun nínú iṣẹ́ náà. Àmọ́ kí ni ipò tí wọ́n tò ó sí ní ọmọdé wúlò fún, bí kò ṣe pé ó pe àwọn tí ń wá èrè jọ lé e lórí? Joel Embiid ará Cameroon kò sí lórí ìwé ẹnikẹ́ni nígbà tí Luc Mbah a Moute rí i ní àgọ́ rẹ̀ ní ọdún 2011, fọ́líbọ́ọ̀lù ni ó fẹ́ máa gbá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta péré, òun ni ẹnìkẹta tí gbogbo NBA yàn.

Nínú ẹjọ́ tí a tètè ń dá yìí náà ni màgòmágó ọjọ́ orí ti ń wọlé. Nígbà tí ó jẹ́ pé gíga àti kékeré ni ọjà tí à ń ná, òbí tí ìyà ń jẹ yóò dín ọjọ́ orí ọmọ kù, bí olè kan tí ń pe ara rẹ̀ ní aṣojú bá sì tọ ìyá tí ń ta ẹja ní ọjà Boundary lọ, tí ó fi lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà hàn án, ìyá náà yóò ta ohun tí ó ní. A ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ tí ó dé ọ̀hún tí wọn kò bá ilé ẹ̀kọ́ tí a ṣèlérí, tí òtútù sì ń pa wọ́n nínú ilé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí dọ́kàn.

Nítorí náà mo ní ohun tí mo ń bẹ̀ fún lọ́wọ́ àwọn tí yóò pàgọ́ ní ìsinmi tí ń bọ̀. Kí wọ́n má gba ọmọ kankan wọlé láìjẹ́ pé olùkọ́ eré ìdárayá rẹ̀ kọ lẹ́tà ṣáájú, kí ó sọ ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ó ti wá mọ̀ báyìí. Ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Milo ti ń kó àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama pọ̀ láti ọdún 1999, àwọn olùkọ́ wọ̀nyí sì ti wo ọmọ lọ́jọ́ tí ebi ń pa á àti lọ́jọ́ tí ó yó. Kí wọ́n fi ọjọ́ kìíní gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, kí tépù ìwọ̀n wà nínú àpò títí di ọjọ́ kẹta. Kí wọ́n kọ́ gbogbo ọmọ ní ohun tuntun kan ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́, kí àmì èyí sì ju àmì gíga lọ. Kí wọ́n pe àwọn tí a kò yàn padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí wọn, nítorí pé owó mọ́tò láti Kirikiri dé pápá Súrùlérè lọ àti bọ̀ ti tó láti dá ọmọ mìíràn padà nílé.

Ní ti ìjọba ìbílẹ̀ wa, òpó irin méjì àti apẹ̀rẹ̀ méjì lórí ilẹ̀ tí a dà ní kọnkéré nínú ọgbà Tolu, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wà nínú ọgbà kan ṣoṣo, kò ju agbára wọn lọ, àwọn ajórin tí yóò sì ṣe òpó náà wà ní Ọlọ́dì níbẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí wọn lórí rẹ̀, mo sì ń retí èsì.