Òwú Íjíbítì Àti Ẹ̀rọ Tí Ó Dákẹ́

Àwọn kan a máa wí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni Ọlọ́run fún ní ọgbọ́n ẹ̀rọ. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo Íjíbítì.

Láti 1805 títí di 1848, Muhammad Ali ni ó jẹ́ olórí níbẹ̀. Ó mú kí àwọn àgbẹ̀ gbin òwú tí fọ́nrán rẹ̀ gùn, ó sì kọ́ ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ran òwú, tí a sì ti ń hun aṣọ. Ìjọba nìkan ni ó ń ra irè oko. Èrè rẹ̀ ni a fi ń kọ́ ilé-iṣẹ́.

Ní 1838, Gẹ̀ẹ́sì bá Sọ́tánì Tọ́kì, tí Íjíbítì wà lábẹ́ rẹ̀, ṣe àdéhùn: kí ìjọba má ṣe nìkan ra irè oko mọ́, kí owó bodè lórí ọjà Gẹ̀ẹ́sì má sì ju 5 nínú 100 lọ. Ní 1841, a dín ọmọ ogun Íjíbítì, oníbàárà ńlá ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, kù sí 18,000. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rọ dákẹ́. Òwú sì di ẹrù ọkọ̀ òkun.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èédú wọ́n wọn. Màlúù ni ó ń yí púpọ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Èyí tí ó burú jù, a fi ipá mú àgbẹ̀ ṣiṣẹ́, a sì ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún un, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi sá kúrò lóko. Àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ì bá ṣe pé bodè wọn wà ní ọwọ́ ara wọn, tí àgbẹ̀ sì rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà, ta ni ó mọ̀ bóyá Káírò ì bá di Manchester kejì?

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbọ́: orílẹ̀-èdè tí kò ní àṣẹ lórí bodè rẹ̀ kò lè tọ́ ilé-iṣẹ́ dàgbà, èyí tí ó sì ń rẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ jẹ ń wó ìpìlẹ̀ ara rẹ̀.