Òṣìṣẹ́ Àwùjọ àti Èdè Ìyá Ọmọ

Nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ìjọba sì rán an lọ sí Dassa-Zoumè láti ṣe iṣẹ́ asisitáǹ sosiyáàlì, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ń ṣáájú rẹ̀ dé ọ́fíìsì. Ó ti kọ́ òfin, ó ti kọ́ nípa ìwà àti ìrònú ẹ̀dá, ó sì mọ bí wọ́n ti ń kọ ìròyìn ní èdè Faransé. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà agboolé ní ẹsẹ̀ òkè kò gbọ́ ju Ìdáàṣà lọ, aládùúgbò rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹni tí ń sọ Máhì. Níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tuntun ti ń kọsẹ̀.

Ìkíni ni ohun èlò àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá fa bébà yọ kí ó tó kí àgbà ilé, agbowó-orí ni wọn yóò pè é, wọn yóò sì dá a lóhùn bí wọ́n ti ń dá agbowó-orí lóhùn. Kí ó béèrè àlàáfíà ilé, ti oko àti ti àwọn ọmọ, kí ó sì fara balẹ̀ gbọ́ èsì. Nínú èsì bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ọmọ tí kò sí nílé mọ́ ti lè yọ. Kí ó mọ ọjọ́ pẹ̀lú: ẹni tí ó bá lọ sí ilé ìyá olójà ní Ọjọ́rú, ilẹ̀kùn títì ni yóò bá, nítorí ọjọ́ náà ni Glazoué ń ná ọjà.

Lẹ́yìn ìkíni ni ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, èyí sì le ju bí wọ́n ti ń rò lọ. Bí ọmọ kan bá wí pé, «Ìyà ń jẹ mí», kí ni òṣìṣẹ́ yóò kọ? Ìyà lè jẹ́ ebi àti òṣì, ó lè jẹ́ iṣẹ́ àṣekú, ó sì lè jẹ́ pàṣán. Bí ó bá kọ «pauvreté», àpò àgbàdo kan ni ilé náà yóò rí gbà, ọmọ yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹni tí ń lù ú. Bí ó bá kọ «maltraitance» sí ohun tí ó jẹ́ ebi lásán, àǹtí tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni yóò bá ara rẹ̀ níwájú ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ayé ọmọ wà lórí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó bá gbọ́n yóò tún béèrè: ta ní fi ìyà jẹ ọ́? Níbo ni o ń sùn? Ta ní kọ́kọ́ ń jẹun? Ṣé o ń lọ sí ilé ìwé?

Irú ìbéèrè wọ̀nyí ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ìbátan kí ó lè kàwé, àti ọmọ tí wọ́n tà. Àṣà vidomẹgọn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ìlòkulò ni ó bà á jẹ́. Ní ọdún 2003, wọ́n dá ọ̀pọ̀ ọmọdé padà sí Benin láti Abẹ́òkúta ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Agbègbè Za-Kpota, ní gúúsù àwọn òkè wọ̀nyí, ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Òfin ti wà láti ìgbà náà: ti ọdún 2006 lórí kíkó ọmọ kiri, àti Òfin Ọmọdé, nọ́ńbà 2015-08, ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ mọ̀ wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ẹni tí ń wá ọmọ kó lọ kì í fi Faransé bá òbí sọ̀rọ̀.

Àwọn kan ń lo ọmọ ilé tàbí aládùúgbò bí ògbufọ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Ògbufọ̀ náà lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, yóò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kí ó tó dé etí àlejò. Àṣírí pẹ̀lú ṣòro ní ìlú kékeré: zẹmijan tí ó gbé òṣìṣẹ́ wá ti mọ ilé tí ó wọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ọjà ti gbọ́. Nítorí náà, ó sàn kí òṣìṣẹ́ wọ ilé mẹ́ta kí ó tó wọ ìkẹrin tí ó bá wá. Kí ó má sì ṣèlérí owó tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyin lohùn.

Àwọn kan yóò wí pé Faransé ni èdè ilé ẹjọ́. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n pa á tì. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ òṣìṣẹ́ wọ̀nyí lè fi kíkà àti kíkọ èdè orílẹ̀-èdè sí ẹ̀kọ́ wọn kí wọ́n tó rán ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tí ó ti Natitingou wá kò lè gbọ́ Ìdáàṣà láàrin oṣù mẹ́ta. Ó lè mọ ìkíni àti ogún ìbéèrè, kí ọ́fíìsì sì fún un ní ògbufọ̀ tí kì í ṣe ará ilé ọ̀ràn. Ní Guichet Unique de Protection Sociale, tí wọ́n ń pè ní Centre de Promotion Sociale tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, kí Faransé tẹ̀ lé e. Kí ìyá tó tẹ àtàǹpàkò sí i, kí wọ́n kà á fún un ní èdè rẹ̀. Bí ó bá wí pé, «Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo sọ ọ́», kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n tún un kọ.