Ọmọbìnrin Kékeré Inú Ilé Náámánì

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Tí a bá ka Mátíù 18:3, pé ká dà bí ọmọ kékeré, àwọn kan rò pé Jésù ní ká má ronú mọ́ ni. Rárá o. Ọmọdé ń ronú. Ọmọ kan ní ìjọ wa bi mí pé, "Dádì, tí Ọlọ́run bá ti gbọ́, kí ló dé tí a tún ń pariwo?" Mo ṣì ń wá èsì. Ohun tí mo rí lára wọn ni pé wọn kì í bá Ọlọ́run nájà.

Ẹ ṣí 2 Ọba 5. Àwọn ará Síríà kó ọmọbìnrin kékeré kan lẹ́rú láti Ísírẹ́lì, ó wá ń ṣe ìránṣẹ́ fún ìyàwó Náámánì. Bíbélì ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Àwa ará Àgbádárìgì mọ irú ìtàn yìí. Etí òkun wa níbí, ní Gberefu, ni wọ́n ti ń kó ọmọ ọlọ́mọ wọ ọkọ̀.

Tí ọmọ yẹn bá di kùnrùngbùn, ta ló máa bá a wí? Àmọ́ nígbà tó rí ẹ̀tẹ̀ lára ọ̀gá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ ò ju gbólóhùn kan lọ: tí ọ̀gá bá lè dé ọ̀dọ̀ wòlíì tó wà ní Samáríà, ara rẹ̀ á yá.

Ẹ dúró ná. Adẹ́tẹ̀ wo ni Èlíṣà ti wò sàn kó tó dìgbà yẹn? Kò sí! Ẹ wo Lúùkù 4:27. Jésù fúnra rẹ̀ sọ pé adẹ́tẹ̀ pọ̀ ní Ísírẹ́lì nígbà ayé Èlíṣà, kò sì sí ọ̀kan tó rí ìwòsàn àfi Náámánì. Ọmọ yìí ò gbọ́ ẹ̀rí ẹnikẹ́ni kó tó gbàgbọ́. Ó mọ Ọlọ́run rẹ̀, ó tán.

Ẹ wá wo àwọn àgbà. Ọba Síríà kọ lẹ́tà. Náámánì di ẹrù: tálẹ́ńtì fàdákà 10, ìwọ̀n wúrà 6,000, aṣọ ìpààrọ̀ 10. Ta ló bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀? Ọba Ísírẹ́lì ka lẹ́tà, ó fa aṣọ ya, ó ní ìjà ni wọ́n ń wá. Ọba tí wòlíì wà nílùú rẹ̀ o! Náámánì náà dé ibẹ̀, ó bínú pé wòlíì ò jáde wá bá òun, pé odò ìlú òun dára ju Jọ́dánì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí àwọn kan ò ní fẹ́. Àwọn kan nínú àwa oníwàásù ló ń kọ́ èèyàn láti máa di fàdákà lọ bá Ọlọ́run. Ọrẹ dára, epo jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n Èlíṣà kọ owó ìwòsàn. Géhásì tó sáré lọ gbà á, ẹ mọ ohun tó kó bọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan ní kí kíláàsì àwọn ọmọdé gbàdúrà fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja bàbá òun tó bàjẹ́. Àdúrà ò pé ìṣẹ́jú kan. Ó ṣe àmín, ó sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ ti gbààwẹ̀ ọjọ́ 7, kò tíì sùn dáadáa, ẹni méjì sì ti ní kó mú owó wá fún àkànṣe àdúrà. Ẹ́ńjìnnì ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ náà ṣì ń pe Ọlọ́run ní Bàbá.

Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, ọmọ bí ọdún 13. Ní January 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì wa yìí, ó ti di àlùfáà Samuel Ajayi Crowther. Ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ìyá náà sì ṣe ìrìbọmi ní 1848. Ọmọ ló mú ìyá wá. Náámánì náà, ẹrú kékeré ló tọ́ka ọ̀nà fún un.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, àwọn ọmọdé ni yóò gbàdúrà fún gbogbo wa. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú wọn wá, títí kan èyí tó ń tijú. Ẹ má kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ.