Àrùn tí Kì í Dun Ni Ń Fẹ́ Èdè tí Ó Yé Ni

Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwádìí sáyẹ́ǹsì, Parisi, Amẹ́ríkà tàbí Ṣáínà ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń rántí Pobẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti lé ní ogún ọdún tí ilé ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀ àti egbò Buruli tí ó wà ní Pobẹ̀ ti ń ṣe ìwádìí pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, pàápàá àwọn ti ìlú Angers ní ilẹ̀ Faransé. Nínú ohun tí àgbáyé mọ̀ lónìí nípa egbò yìí àti oògùn rẹ̀, ara àwọn ọmọ agbègbè wa ni a ti kọ́ púpọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé nìyí: ìmọ̀ tí ó ti ara wa jáde, ǹjẹ́ ó ti padà wọlé wá bá wa ní èdè tí a fi ń tọ́mọ?

Kòkòrò àrùn kan tí ń jẹ́ Mycobacterium ulcerans ni ó ń fa egbò Buruli. Ìbátan ni òun àti kòkòrò ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Itòsí omi tí kì í yára ṣàn àti àbàtà ni àrùn náà ti wọ́pọ̀, irú bí àfonífojì odò Ouémé. Kòkòrò náà fẹ́ràn ibi tí ó tutù díẹ̀: ìwọ̀n ooru 30 sí 33 ni ó bá a lára mu, bẹ́ẹ̀ inú ara ènìyàn a máa gbóná tó 37. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé awọ ara àti ẹran abẹ́ rẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 yẹ ọ̀rọ̀ aláìsàn 1,227 wò, tí a tọ́jú ní Pobẹ̀ láàrin ọdún 2005 sí 2011. Nǹkan bí ìdajì wọn ni kò ju ọmọ ọdún 12 lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 22 ni ó kù pẹ̀lú àbùkù tí kò lọ mọ́.

Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ rí oró tí kòkòrò náà ń tú jáde, wọ́n sọ ọ́ ní mycolactone. Iṣẹ́ mẹ́ta ni oró yìí ń ṣe. Ó ń pa ẹran ara. Ó ń sọ àwọn ọmọ ogun tí ń dáàbò bo ara di aláìlágbára. Ẹ̀kẹta ni ó yani lẹ́nu jù lọ: kì í jẹ́ kí ó dun ni. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí Angers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi eku ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì fi hàn pé mycolactone ń ṣiṣẹ́ lára iṣan tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, tí iṣan náà kì í fi í lè jíṣẹ́ mọ́. Bí olè tí ó kọ́kọ́ di ajá lẹ́nu kí ó tó wọlé ni àrùn yìí rí.

Nígbà kan, ọ̀bẹ ni ìtọ́jú rẹ̀: dókítà a gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò, a sì bu awọ láti ibòmíràn lé e. Ní ọdún 2007, ilé ìtọ́jú Pobẹ̀ tẹ èsì iṣẹ́ rẹ̀ lórí aláìsàn 224 jáde. Oògùn rifampicin àti abẹ́rẹ́ streptomycin ni wọ́n fún wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìtọ́jú náà yọrí sí rere fún 215, àwọn 102 nínú wọn kò sì fojú kan ọ̀bẹ rárá. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún ọjọ́ 56 kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọdé, streptomycin sì lè ba etí jẹ́. Pobẹ̀ tún tẹ̀ síwájú: wọ́n fi clarithromycin, oògùn tí a ń gbé mì, rọ́pò abẹ́rẹ́ fún aláìsàn 30. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Ní ọdún 2020, ìwádìí ńlá tí a ṣe ní Ghana àti ní Benin fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé oògùn gbígbé mì kò rẹ̀yìn sí abẹ́rẹ́: ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún tí egbò wọn jinná ní ìhà méjèèjì. Òun ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń dámọ̀ràn lónìí.

Oògùn wà, nígbà náà. Kí ni ó tún ń sọ ọmọ di arọ? Ìpẹ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kókó kékeré lè yọ lábẹ́ awọ, tàbí kí ibì kan le, tàbí kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wú. Bí oògùn bá bá a níbẹ̀, àpá kékeré ni yóò kù. Bí a bá dúró títí awọ fi bẹ́, tí ihò abẹ́ awọ sì tóbi ju èyí tí ojú ń rí lọ, ọ̀bẹ àti oṣù gígùn ní ilé ìwòsàn ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Èdè sì wà nídìí ìpẹ́ yìí. Bí ara ọmọ kò bá yá, ohun tí ìyá rẹ̀ ń bi í ni pé: “Ibo ló ń dùn ọ́?” Ọmọ tí kókó wà lórúnkún rẹ̀ yóò ní kò síbì kan. Òótọ́ ni ó sọ. Ìyá yóò ní kí ó lọ ṣeré. Nígbà tí egbò ńlá bá wá ṣí láìsí ìrora, àwọn àgbà a ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Èmi kò bú wọn, nítorí egbò tí kò dun ni ń ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ti wà láti ọdún 2014. Èdè àwọn onímọ̀ ni ó fi jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwádìí mìíràn wé e. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀ yìí kan náà. Irúgbìn ọ̀pẹ tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí epo rẹ̀ sì pọ̀, ti ibẹ̀ dé oko wa. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé gbìn ín, ó sì so fún un. Irúgbìn kì í béèrè èdè lọ́wọ́ ilẹ̀. Ìmọ̀ nípa egbò Buruli kò rí bẹ́ẹ̀, kò ṣeé bù sínú àpò fún ni. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ.

Àwọn kan tí a jọ ka ìwé Faransé yóò ní Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ẹ wo àwọn ìlà òkè yìí: orúkọ kòkòrò, orúkọ oró rẹ̀ àti ti oògùn mẹ́ta ni mo yá. Èdè Faransé pàápàá yá ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú Látìn àti Gíríìkì. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn olùtọ́jú ń bá aláìsàn sọ Nàgó tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, a sì kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dé ilé ìwòsàn ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn jù. Ẹni tí kò tíì dé ni mo ń rò.

Ní ọdún 2009, ní Kútọnu, àwọn ìjọba ilẹ̀ tí àrùn yìí wà ṣe ìpinnu pé kí a máa tètè rí i. Kí ìpinnu náà lè ṣẹ, ohun mẹ́ta ni mo dábàá. Èkíní, ìwádìí yòówù tí a bá ṣe lára àwọn ènìyàn wa, kí a kọ èsì rẹ̀ sí ojú ewé méjì ní èdè wọn, kí a sì kà á sétígbọ̀ọ́ wọn. Èkejì, kí àwọn kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ní Pobẹ̀, Sakẹ́tẹ́ àti Kétu fi í ṣe ẹ̀kọ́ kíkà. Ẹni tí ó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ “kókó”, kí ó kọ́ ohun tí kókó lè jẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sí i, nítorí ilẹ̀kùn wọn ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ kàn.

Iṣẹ́ tiwa kò sì ní láti dúró de ìjọba. Ìyá tí ń wẹ ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ ti ní ohun èlò àyẹ̀wò lọ́wọ́: àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni. Kí ó fi wá apá àti ẹsẹ̀ ọmọ náà. Bí ó bá kan kókó tàbí ibi líle tí kò dun ọmọ, kí ó má ṣe dúpẹ́ pé kò dùn ún. Kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì.