Oúnjẹ Ọmọbìnrin Ilé Kéwú

Àwọn ilé kéwú kan wà tí ọmọ ń gbé, tí ẹni tó ń bu oúnjẹ máa ń dín ti ọmọbìnrin kù, wọ́n á ní ikùn obìnrin ò tó ti ọkùnrin. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà oúnjẹ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, mílígíráàmù 15 èròjà irin ni ọmọbìnrin ọdún 14 sí 18 nílò lóòjọ́. 11 ni ti ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Irin yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń kúrò lára rẹ̀ lóṣooṣù la wá ń dín tirẹ̀ kù!

Kí abọ́ kún nìkan kọ́. Ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, ìrẹsì lálẹ́, ọbẹ̀ ata lásán: ikùn á yó, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ò rí nǹkan mú níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹran ti wọ́n. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Bí ọmọ bá jẹ ọsàn sí i, ara rẹ̀ á gba irin inú wọn dáadáa. Tíì ni kí wọ́n má fi ti oúnjẹ, torí ó máa ń dín irin tí ara ń gbà kù.

Ti Ramadan ló dùn mí jù. Ẹ̀sìn ní kí ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù má gbààwẹ̀, kó san án tó bá yá. Ṣùgbọ́n wọn kì í dáná lọ́sàn-án, ojú á sì máa ti ọmọ láti jẹun lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Á wá lọ mu gàrí ní kọ̀rọ̀, tàbí kó fara mọ́ ebi títí di ìṣínu. Ọjọ́ tí Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún un láti jẹun ni ebi wá ń pa á. Nígbà tó bá sì ń san gbèsè ààwẹ̀ lẹ́yìn ọdún, ta ló ń dáná sààrì fún un?

Ẹ̀yin àfáà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyá kan sídìí ọ̀rọ̀ yìí. Kó máa gbé oúnjẹ ọ̀sán sí yàrá àwọn ọmọ náà nínú Ramadan, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí. Lẹ́yìn Ramadan, ẹ jẹ́ kí sààrì máa wà ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, kí àwọn tó ń san ààwẹ̀ lè rí i jẹ. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá lọ wo ọmọ yín, ẹ fa awọ ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ wò. Bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PCV lọ́jọ́ náà gan-an.