“Yóò Yé Ọ Tó Bá Yá”

Lẹ́tà kan wọlé sí wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ojú ewé mẹ́rin ni. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ló kọ ọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì láàárín àwọn Kàmbàrí, ní ìhà Kọ̀ǹtàgórà, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ọdún kẹsàn-án tí wọ́n ti wà níbẹ̀ rèé. Ọkọ ń wàásù, ó sì ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà. Ìyàwó ń tọ́jú ọgbẹ́, ó sì máa ń gbẹ̀bí tó bá di dandan. Kò ráhùn nítorí iná, kò ráhùn nítorí omi. Ọ̀rọ̀ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló mú un kọ̀wé. Ọmọ náà ti pé ọdún mọ́kànlá, ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, abúlé tí wọ́n wà kò sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ohun mẹ́ta ló wà níwájú wọn. Kí wọ́n fi ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń sùn, nínú ìlú ńlá tó sún mọ́ wọn. Kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Tàbí kí gbogbo ilé kó ẹrù padà wálé. Ọkọ rẹ̀ ní Ọlọ́run tó pe àwọn ni yóò mójú tó ọmọ. Ìyá kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n oorun ò kun òun lójú mọ́. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà bi bàbá rẹ̀ bóyá yóò máa wá wo òun lọ́jọ́ àbẹ̀wò. Bàbá dáhùn pé, “Iṣẹ́ Olúwa ni mò ń ṣe. Yóò yé ọ tó bá yá.” Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ń gbàdúrà alẹ́, ọmọ á kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àmín.

Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn mọ ohun tó ń ba ìyá yìí lẹ́rù. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé nílé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Kagara, ní Ìpínlẹ̀ Niger kan náà. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ó di ti Birnin Yauri ní Ìpínlẹ̀ Kebbi tó múlé tì wọ́n. Nínú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kó lọ ní Yauri, àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún méjì nínú igbó kí wọ́n tó rí òbí wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ìyá yìí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré.

Bàbá tèmi náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ. Ìlú mẹ́fà la gbé kí n tó wọ yunifásítì. Mo wà ní kíláàsì kejì girama nígbà tí mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀ títí tí oòrùn fi wọ̀, lọ́jọ́ àbẹ̀wò, tí n ò rí i. Olùkọ́ kan tó fẹ́ tù mí nínú sọ fún mi pé Ọlọ́run ló ní kí bàbá mi wà níbòmíràn lọ́jọ́ yẹn. Mo gbà á gbọ́, mo sì bá Ọlọ́run bínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí mo wà nípele kẹta ní yunifásítì ni bàbá mi tó jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní kò síbi tí òun lọ lọ́jọ́ yẹn. Òun kàn gbàgbé ọjọ́ ni.

Ìyá wa, kì í ṣe orí yín ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó pọ̀ lókè Ọya, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọmọ wọn: Hillcrest ní Jos lọ́dún 1942, àti Kent Academy ní Miango tí kò jìnnà síbẹ̀. Lára àwọn tó lọ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kan ń fi ayọ̀ rántí rẹ̀ títí dòní, àwọn mìíràn sì ní ọgbẹ́ tí kò jinná ni.

Gbogbo wa la kà nípa David Livingstone nílé ẹ̀kọ́. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wa ni ọ̀rọ̀ Mary ìyàwó rẹ̀. Ọmọ míṣọ́nnárì lòun fúnra rẹ̀, ilẹ̀ South Africa ni wọ́n sì bí i sí. Lọ́dún 1850, Livingstone kó o tòun ti oyún àti ọmọ mẹ́ta gba aṣálẹ̀ Kalahari lọ. Ibà kọ lu àwọn ọmọ náà. Ìkókó tí Mary bí lẹ́yìn tí wọ́n padà dé kò lò tó oṣù méjì láyé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Livingstone tún fẹ́ kó wọn lọ. Ìyá ìyàwó rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i, ó bá a wí kíkankíkan, síbẹ̀ wọ́n lọ. Létí odò ni Mary bímọ sí. Lọ́dún 1852, ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin sínú ọkọ̀ òkun ní Cape Town, ó ní kí wọ́n máa lọ sí Britain. Ó lé ní ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó tún rí i. Nígbà tí ayé ń yìn ín pé ó rin ilẹ̀ Áfíríkà já láti etíkun kan dé èkejì, Mary ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì pẹ̀lú àwọn ọmọ, owó ò sì tó wọn ná.

Robert, àkọ́bí wọn, wọ ọkọ̀ wá sí South Africa lọ́dún 1863 láti wá bàbá rẹ̀. Kò rí i. Ó gba Amẹ́ríkà lọ, ó yí orúkọ ara rẹ̀ padà, ó wọṣẹ́ ológun nínú ogun abẹ́lé wọn, wọ́n sì mú un lẹ́rú ogun. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó kú lọ́dún 1864. Livingstone fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ níkẹyìn pé ó dun òun pé òun ò bá àwọn ọmọ òun ṣeré nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ òun, torí pé àárẹ̀ iṣẹ́ ti máa ń mú òun tó bá dalẹ́.

Ajàyí Crowther tiwa náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé. Nígbà tó bá ọkọ̀ òkun lọ sí odò Ọya lọ́dún 1841, Freetown ló fi Susan àtàwọn ọmọ sí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó wá kẹ́kọ̀ọ́ ní London. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń bọ̀ wá sí Àgbádárìgì lọ́dún 1845, kò dá wá; Susan bá a wá, àwọn kan lára àwọn ọmọ náà bá a wá. Ọ̀nà dí, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó dé Abẹ́òkúta. Dandeson tí wọ́n bí lọ́dún 1844 bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí odò Ọya nígbà tó dàgbà, ó di áṣídíákónì. Abigail fẹ́ ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ girama ti CMS sílẹ̀ ní Èkó, àwọn ló bí Herbert Macaulay. Josiah ní tiẹ̀ kò ṣe àlùfáà, òwò ló ń ṣe, òwò náà sì kó ọ̀rọ̀ bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu àwọn òyìnbó. Nítorí náà n kò sọ pé ilé Crowther ò lálèébù. Ohun tí mo rí ni pé bàbá kúrò nílé lọ́pọ̀ ìgbà lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọmọ mọ ibi tó lọ, wọ́n sì mọ ibi tí ilé wà.

Pásítọ̀, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ dáhùn ìbéèrè yẹn. Bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ ni kò sí, ẹ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ni kò dáa, ẹ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè wá ní sáà kan, ẹ sọ ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá mọ ohun tó ń jẹ́ owó ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní Ọlọ́run ló dá yín dúró, Ọlọ́run ni yóò máa bínú sí.

Ní tèmi, Ìlá Ọ̀ràngún ni mo fara mọ́, nítorí ààbò. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yín sọ pé nígbà ìsinmi tó kọjá, ìyá àgbà bínú pé ọmọ ò kúnlẹ̀ kí òun dáadáa, ó ń da Hausa mọ́ Yorùbá, wọ́n sì fi í ṣẹ̀sín lójú àwọn aládùúgbò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ìyá sọ̀rọ̀, ọmọ tí wọ́n bí ló sì yẹ kó ṣe é. Ìyàwó ò gbọdọ̀ gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá ìyá ọkọ. Orí àpáta nìkan lẹ ti ń rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ẹ kọ bẹ́ẹ̀. Kí alẹ́ Sátidé jẹ́ ti ọmọ yìí, kí bàbá fúnra rẹ̀ gun àpáta náà. Bí Ìlá ò bá sì ṣeé ṣe, tẹ́ ẹ wá kó ẹrù padà wálé fún ọdún mélòó kan, èmi ò ní kà á sí ìfàsẹ́yìn.

Ẹ̀yin ìjọ tó ń rán míṣọ́nnárì, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn wà lára owó iṣẹ́ náà. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé gbé àwọn ọmọ náà síwájú ìjọ kí wọ́n fi èdè Kàmbàrí kọrin fún yín. Ọmọ yìí sọ fún ìyá rẹ̀ pé nígbà tí òun kọrin tán ní ìjọ kan l'Ékòó, wọ́n bi òun bóyá òun ti rí kìnnìún rí.

Ìyá fi bébà kékeré kan sínú àpòòwé, tí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Kò béèrè nǹkan kan nípa ilé ẹ̀kọ́. Ó béèrè ẹni tí yóò máa fún ewúrẹ́ òun lóúnjẹ tí òun bá lọ, àti bóyá wọ́n máa pa á ní Kérésì. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn.