Ogbó Kì Í Ṣe Àrùn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, tí ó sì ń ṣe ibi ju bí a ti rò lọ. Bí ojú bàbá bá ń ṣú, a ó ní, "Ogbó ni." Bí ẹsẹ̀ ìyá bá ń wú, a ó ní, "Ogbó ni." Bí arúgbó kan bá sì bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, ogbó náà ni a ó dá lẹ́bi. Báyìí ni a ń fi ọ̀rọ̀ méjì péré ti ilẹ̀kùn ìtọ́jú mọ́ àwọn tí ó tọ́ wa dàgbà. Ṣùgbọ́n ogbó kì í ṣe àrùn. Àrùn a máa wá bá arúgbó gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wá bá ọmọdé, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ní ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti ojú. Nínú ẹyinjú ni ohun kan wà tí ó mọ́ gaara, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun náà a máa di bàìbàì bí gíláàsì àtùpà tí èéfín ti bò. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà láti ọdún 2005 títí di 2007 fi hàn pé èyí ni ó ń fọ́ àgbà lójú ju ohunkóhun mìíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ kékeré ni a fi ń wò ó: dókítà a yọ èyí tí ó ti bàjẹ́, a fi àtọwọ́dá tuntun sí ipò rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà aláìsàn a sì padà sí ilé ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń kiri láti ìletò dé ìletò, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti ohun tí ó ṣú náà sẹ́yìn nínú ẹyinjú. Aláìsàn lè ríran díẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, inú gbogbo ilé a sì dùn. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ó ń fọ́ pátápátá. Àrùn ojú mìíràn sì wà tí ohun tí ó bá ti bàjẹ́ kò lè padà mọ́; ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a tètè lọ.

Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Olè ni àrùn yìí, kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ẹni tí ó ní i lè má mọ nǹkankan lára. Òun ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ àrùn rọpárọsẹ̀ tí à ń dá aládùúgbò lẹ́bi fún. Bí a bá wọn ẹ̀jẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí ó sì ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìtọ́jú di dandan. Ojoojúmọ́ ni a ń lo oògùn rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ni nìkan. Kí gbogbo iyọ̀ tí ènìyàn ń jẹ ní ọjọ́ kan, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú magí, má ju síbí tíì kan lọ. Bí ẹnu bá sì wọ́ lójijì, tí apá kan kò lè gbéra, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ilé ìwòsàn ni kí a gbé ẹni náà lọ ní wákàtí náà gan-an, kí a má sì rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ni arán. Ní ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó ti pé ọdún 65 sókè. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé iye àwọn tí arán ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti ìlú kejì. Ìbá ṣe pé ogbó nìkan ni ó ń mú arán wá, ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kì bá tí sí. Bí iyè arúgbó bá sì dàrú láàrin ọjọ́ kan sí méjì, ó lè jẹ́ ibà, tàbí àìmu omi tó, tàbí àrùn nínú ilé ìtọ̀, tàbí oògùn tí kò bá a lára mu. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè tọ́jú. Àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n ń rìn kiri lóru, tí wọ́n ń sọ ohun tí kò yé ni, aláìsàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe àjẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ẹni tí ó bá sọ òkúta lù wọ́n, aláìsàn ni ó lù.

Àwọn kan yóò wí pé owó kò sí, àti pé kò yẹ kí a fi owó ilé-ìwé ọmọ wo ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ. Òtítọ́ ni pé owó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àgbà náà bá kú, a ó rí owó màlúù, a ó rí owó aṣọ ẹbí, a ó rí owó onílù, àwọn ọmọ tí ó wà ní òkèèrè yóò sì fi tiwọn ránṣẹ́. Mélòó nínú wọn ni ó ti fi owó ránṣẹ́ rí kí a lè wọn ẹ̀jẹ̀ bàbá? Ìsìnkú tí ó lárinrin kò la ojú ẹni tí ó kú ní afọ́jú. Ẹ jẹ́ kí á mú díẹ̀ nínú owó òkú, kí á ná an sára alààyè.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀bẹ̀ wa sí yín ni pé kí ẹ má ṣe fi àìsàn pamọ́ nítorí kí ẹ má baà ni àwọn ọmọ lára. Àìsàn tí a fi pamọ́ ni í ni wọ́n lára jùlọ nígbẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má sì fi ìfẹ́ gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹsẹ̀ tí kò rìn mọ́ a máa gbàgbé ìrìn. Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, a ṣí ibùdó ìtọ́jú kan fún àwọn àgbà nìkan ní ọdún 2012. Ẹni tí ó bá jìnnà sí i lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tí ó sún mọ́ ọn. Kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù ilé mú àgbà rẹ̀ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ kí a sì wo ojú wọn. Nígbà tí oníṣègùn bá ti wò wọ́n tán, tí kò rí àrùn kankan, nígbà náà ni kí á tó wí pé ogbó ni.